Àgbéyẹ̀wò CH341A: irinṣẹ́ tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó fláàṣì BIOS káàdì gíráfíìsì

Fláàṣì ni kíkọ BIOS tuntun, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń jí káàdì, sára káàdì gíráfíìsì. Bí ó bá dákú lójú ọ̀nà, tí CPU yín sì ní gíráfíìsì tirẹ̀, ẹ so mọ́nítọ̀ mọ́ ojúhò mótábọ́ọ̀dù, kí ẹ tún káàdì náà fláàṣì láti inú Windows. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyẹn náà ti tó. Àmọ́ tí nvflash tàbí amdvbflash (ètò fláàṣì fún Nvidia àti fún AMD) kò bá rí káàdì náà mọ́, CH341A, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń kọ BIOS láti ìta, ló kù. Kò nílò kí káàdì jí rárá: IC kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí BIOS wà nínú rẹ̀ ló ń kà, tó sì ń kọ nǹkan sí, láti ojúhò USB kọ̀ǹpútà mìíràn. Lójú tèmi, ṣáájú fláàṣì ló yẹ kí ẹ rà á, nítorí iṣẹ́ tó wúlò jù lọ tó ń ṣe ni kíka BIOS tí kò tíì bàjẹ́.

Bọ́ọ̀dù dúdú ló wọ́pọ̀ jù, pẹ̀lú kílíìpù SOIC8 (èyí tó ń gbá ẹsẹ̀ mẹ́jọ IC mú) àti wáyà pẹlẹbẹ. Ó ní àbùkù kan tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbójú fò. Iná 3.3V ló ń fún IC lóòótọ́, ṣùgbọ́n 5V ló ń gba àwọn wáyà dátà kọjá. Kí kílíìpù tó kan káàdì, ẹ ṣí sọ́fítíwíà rẹ̀, kí ẹ fi mítà wọ̀n láàárín ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 4 kílíìpù náà. Bó bá ju 3.6V lọ, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ sódà á gbé ẹsẹ̀ 28 CH341A kúrò lára bọ́ọ̀dù, á so òun àti ẹsẹ̀ 9 pọ̀ mọ́ 3.3V. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kó ra irú èyí tó ní ibi tí wọ́n ti ń yan fólítéèjì.

Èyí tó tún léwu jùyẹn lọ ni IC 1.8V, tó wà lára ọ̀pọ̀ káàdì tuntun. Ẹ ka nọ́ńbà ẹ̀yìn IC dáadáa: 3.3V ni Winbond W25Q80DV ń lò, ṣùgbọ́n 1.8V ni W25Q80EW. Lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni 3.3V lè pa èkejì. Adápítọ̀ 1.8V wà fún un, àmọ́ kì í sábà bá bọ́ọ̀dù wá.

Kíkà ló gba sùúrù jù. Ẹ yọ káàdì kúrò nínú kọ̀ǹpútà pátápátá. Ẹ wá àmì róbótó kékeré tó wà lára IC. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ 1, ibẹ̀ sì ni wáyà pupa ń lọ. Ẹ di kílíìpù mú kí ẹ tó ki bọ́ọ̀dù bọ USB, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lórí Linux, àṣẹ náà ni:

flashrom -p ch341a_spi -r kinni.bin

Ẹ tún un kà sínú keji.bin, kí ẹ fi sha256sum, àṣẹ tó ń ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì, wo méjèèjì. Bí nọ́ńbà wọn kò bá bára mu, ẹ má kọ ohunkóhun sí IC. Wáyà gígùn máa ń fa èyí, àwọn ẹ̀yà mìíràn lára káàdì sì máa ń fa iná láti ara kílíìpù. Bí fáìlì bá kún fún FF tàbí 00 nìkan, eyín kílíìpù kò kan ẹsẹ̀ IC dáadáa, tàbí kí ẹ ti yí i sódì. Ìbáramu nìkan kò sì tó, torí kíkà méjì tó bàjẹ́ lè jọra. Ẹ ṣí fáìlì náà wò nínú hex editor (ètò tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn): ti RX 470 tàbí RX 580 AMD máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 55 AA, ti ọ̀pọ̀ káàdì Nvidia tuntun sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà NVGI.

Fáìlì yìí sàn ju èyí tí GPU-Z (ètò Windows tó ń fi àlàyé káàdì hàn) bá fi pamọ́ lọ, nítorí ó gùn tó IC. Ti GPU-Z lè jẹ́ 256 KB nígbà tí IC jẹ́ 512 KB, flashrom kò sì ní gbà á títí ẹ ó fi fi FF kún ìyókù.

Fún fláàṣì gan-an, inú Windows ni mo fara mọ́. AMD: amdvbflash -i fi nọ́ńbà káàdì hàn, -s 0 fi BIOS pamọ́, -p 0 kọ tuntun. Nvidia: nvflash64 --list fi káàdì hàn, --save fi BIOS pamọ́, --protectoff ṣí ààbò, lẹ́yìn náà ni nvflash64 pẹ̀lú orúkọ fáìlì tuntun. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator. Àwọn àṣẹ tí ń fipá mú un, -6 fún Nvidia àti -f fún AMD, kì í ṣe ohun tí a ń tẹ̀ kí ìkìlọ̀ lè dákẹ́. Ìkìlọ̀ náà ń sọ pé ti káàdì mìíràn ni BIOS yẹn. Lára RX 570 àti RX 580, ẹ tún wo ilé iṣẹ́ tó ṣe mẹ́mọ́rì nínú GPU-Z, bóyá Samsung, Hynix, Micron tàbí Elpida. Bí BIOS kò bá mọ mẹ́mọ́rì yẹn, ojú mọ́nítọ̀ á ṣókùnkùn, tàbí kí àwọ̀ kó máa fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ohun kan wà tí CH341A kò lè ṣe, bí àwọn tó ń tà á tilẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó lè ṣe é. Láti ìran káàdì Pascal lọ́dọ̀ Nvidia àti Vega lọ́dọ̀ AMD, káàdì fúnra rẹ̀ ló ń yẹ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ (signature) tó wà lára BIOS wò. CH341A á kọ BIOS tí ẹ ti yí padà sínú IC láìjanpata, káàdì náà kò sì ní gbà á.

Bí káàdì yín bá ní síwíìṣì BIOS méjì, owó yín ṣì lè wà lápò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ ti síwíìṣì sí BIOS kejì, ẹ tan án. Tí Windows bá ti ṣí, ẹ dá síwíìṣì padà sí ti àkọ́kọ́ nígbà tí iná ṣì wà, kí ẹ wá fláàṣì rẹ̀.