Skánà tó ń bá kọ̀ǹpútà gíà sọ̀rọ̀: oṣù 4 tí mo ti ń lò ó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò àtijọ́ tó jẹ́ otomátíìkì, ẹ gbọ́ o. Skánà tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn mọ́tò, ní wáyà, ó ní ojú tiẹ̀, kì í ṣe kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ fóònù yẹn. Kékeré yẹn ni mo kọ́kọ́ rà.

Mọ́tò mi tó bá ti gbóná, tó bá fẹ́ kúrò ní gíà 2 bọ́ sí 3, á pẹ́, RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) á ti gòkè, kó tó wá wọlé gbà-á bí ìgbà tí wọ́n gbá a nídìí, nígbà mìíì ọwọ́ aago ìsáré á já wá sí 0 lórí eré, lẹ́yìn náà á há sí gíà 3, tí mo bá dúró tí mo tún fẹ́ gbéra á máa wọ́ bí ìgbín. Kóòdù P0700 nìkan ni skánà kékeré gbé jáde. P0700 ò dárúkọ àìsàn kankan, ó kàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà gíà lẹ́jọ́ tó fẹ́ rò, èyí tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń kà ò dẹ̀ lè bi í. Mẹkáníìkì wo P0700 yẹn, ó ní gíà ti kú, ká sọ̀ ọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ìgbà tí mo ti èyí bọ ihò OBD2 (ihò tí wọ́n máa ń ti skánà bọ̀ nínú mọ́tò) lábẹ́ sítíárìn, ó wọ inú kọ̀ǹpútà gíà lọ tààrà, ó mú P0720 wá, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí ọ̀pá ẹ̀yìn gíà ṣe ń yí. Àmọ́ ibi tó ti tẹ́ mi lọ́rùn jù ni ibi tó ti ń fi nọ́ńbà hàn bí mọ́tò ṣe ń lọ. Ẹnìkan ń wà á, èmi ń wo skánà. Nínú ọ̀pọ̀ otomátíìkì tó ní gíà 4, iye tó wọlé náà ló ń jáde ní gíà 3, tí ọ̀pá iwájú gíà bá ń yí 2,400 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí, wọ́n jọ ń rìn, mo mọ̀ pé clutch inú gíà ṣì ń di nǹkan mú. Lójijì ẹ̀yìn já sí 0, iwájú ṣì wà ní 2,400! Mọ́tò ń sáré o, ọ̀pá tó ń yí táyà ò lè dúró. Sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́. A tú sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀, omi ti wọ ibẹ̀, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ẹnu wáyà. A nù ún, a pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, látìgbà náà ló ti ń wọlé wẹ́rẹ́.

Ohun tí ò lè ṣe: kò lè sọ fún yín pé ọ́ìlì gíà kéré tàbí ó ti jóná. Ẹ fa géèjì yọ kẹ́ ẹ tó ti skánà bọ ibì kankan, kí mọ́tò gbóná, kó wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́ (púpọ̀ nínú wọn, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́, ẹ wo ìwé mọ́tò yín). Tó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó, ọ̀rọ̀ ti kọjá sẹ́ńsọ̀.

Mọ́tò tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ni wọ́n sọ OBD2 di dandan fún, tí tiyín bá dàgbà jùyẹn lọ, ẹ wo ihò ẹ̀ kẹ́ ẹ tó náwó. Wáyà ẹ̀ kúrú, ìyẹn ò dáa tó. Bọ́tìnnì tó ń pa kóòdù rẹ́ tún sún mọ́ èyí tó ń kà á jù, ẹ kọ kóòdù sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.