ThinkCentre M720q Tiny: àpótí kékeré tó lè gbé ìkànnì mẹ́wàá nínú ilé, bí ẹ bá ti bójú tó iná

Orí tábìlì ọ́fíìsì ni Lenovo ṣe M720q Tiny fún ní 2018, kò ní iṣẹ́ sáfà (ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì fún àlejò) lọ́kàn rárá. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti ń pààrọ̀ wọn, wọ́n sì ń dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkunbọ̀. Ẹni tó ní ìkànnì mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí owó hosting sì ti sú u, ẹ̀rọ yìí á ṣe iṣẹ́ náà fún un. Ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má da owó sórí dísìkì tó yára jù lọ. Bátìrì àti ẹ̀dà ìpamọ́ ni kí ẹ kó ìyókù owó lé.

Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń ní Core i5-8400T tàbí 8500T, kọ́ọ̀ mẹ́fà, 35W. Ihò RAM méjì ló ní fún DDR4 oríṣi ti láptọ́ọ̀pù. 16GB á gbé WordPress mẹ́jọ pẹ̀lú MariaDB (détábéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn) láì mí gúlegúle. Síkúrúù kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn. Ẹ tú u, ẹ ti ìdérí síwájú, ẹ ó rí àyè dísìkì SATA oní-íǹṣì 2.5. Ẹ dojú ẹ̀rọ dé, ẹ ṣí abẹ́ rẹ̀: RAM wà níbẹ̀, ihò M.2 náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan péré ni ihò M.2 ti dísìkì.

Ohun tó sábà máa ń sọnù lára tòkunbọ̀ ni férémù tó ń gbé dísìkì SATA dúró àti wáyà pẹlẹbẹ rẹ̀. Láìsí méjèèjì, kò sí dísìkì kejì. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín. Ẹ tan án, ẹ tẹ F1 láti wọ BIOS (ètò ìpìlẹ̀ ẹ̀rọ): bó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyára. NVMe PCIe 3.0 (dísìkì tó ń wọ ihò M.2) tó dáa lè ka nǹkan bíi 3,500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, SATA kò lè ju 550MB lọ. Ẹni tó ń ṣí ìkànnì yín ńkọ́? Bí upload ilé bá jẹ́ 10Mbps, 1.25MB ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojúewé 2MB á lo ju ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ lọ lójú ọ̀nà, irú dísìkì yòówù tí ẹ ní. Détábéèsì ló ń jẹ àǹfààní NVMe ní tòótọ́, torí pé ó ń kọ nǹkan kéékèèké lemọ́lemọ́, ó sì ń dúró kí dísìkì jẹ́rìí pé òun ti gbà á. Ẹ ra NVMe oní-TLC (oríṣi ṣíìpù ìpamọ́) tó ní DRAM tirẹ̀, 500GB tó. QLC, oríṣi ṣíìpù olówó pọ́ọ́kú, máa ń sáré níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí káàṣì rẹ̀ bá kún nígbà tí ẹ ń da fáìlì ńlá sí i, ó lè falẹ̀ ju SATA lọ.

Àwọn kan máa ń so NVMe àti SATA pọ̀ ní RAID 1, kí dísìkì méjèèjì máa gba ohun kan náà. Kò bọ́gbọ́n mu: èyí tó lọ́ra ló ń pinnu ìyára ìkọ̀wé, bẹ́ẹ̀ fáìlì tí ẹ bá ṣèèṣì pa rẹ́ á pa rẹ́ lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Debian (oríṣi Linux), Docker (tó ń ya ètò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹténà) àti Caddy (tó ń gba àlejò, tó sì ń darí wọn sí ìkànnì tó yẹ) ni mo fara mọ́ jù. Kí ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹténà tirẹ̀ àti orúkọ aṣàmúlò détábéèsì tirẹ̀. Nínú Caddyfile, fáìlì ètò Caddy, ìlà mẹ́ta ló tó ìkànnì kan:

example.com {
    reverse_proxy 127.0.0.1:8081
}

Ìkànnì kejì gba 8082, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Caddy fúnra rẹ̀ á gba ìwé ẹ̀rí HTTPS. Nínú Docker, ẹ kọ 127.0.0.1:8081:80, ẹ má kọ 8081:80 lásán, torí Docker máa ń gba ẹ̀yìn ufw (ògiri ààbò Linux) kọjá, ẹ ó sì rò pé ilẹ̀kùn tì.

Ẹ wo àdírẹ́sì WAN (èyí tí iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín) lórí ráútà. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, abẹ́ CGNAT lẹ wà (ọ̀pọ̀ oníbàárà ń pín àdírẹ́sì kan lò), port forwarding, ìyẹn ṣíṣí ọ̀nà láti ìta wọ sáfà, kò lè ṣiṣẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì SIM sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, ti Starlink inú ilé náà sì ni. Cloudflare Tunnel, níbi tí sáfà fúnra rẹ̀ ti ń kàn sí Cloudflare kí àlejò lè gba ibẹ̀ wọlé, ló yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ètò ọ̀fẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè gbé fáìlì tó ju 100MB sórí ìkànnì yín lẹ́ẹ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tajà tọ̀sántòru lórí upload 5Mbps, VPS (sáfà àyálò) ni kó lọ gbà.

Fún ẹ̀dà ìpamọ́, restic ni, ètò tó ń da fáìlì kọ, tó sì ń fi páásíwọ́ọ̀dù tì í. Ẹ kọ́kọ́ fi mariadb-dump --single-transaction yọ détábéèsì jáde. Ẹni tó bá kàn da /var/lib/mysql kọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lè rí ẹ̀dà tí kò ní ṣí. Alaalẹ́ ni kí restic kọ sórí dísìkì SATA, lẹ́yìn náà sí ibòmíràn bíi Backblaze B2 (ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì). Ẹ fi restic forget --keep-daily 7 --keep-weekly 4 --keep-monthly 6 --prune gé èyí tó ti gbó. 50GB àkọ́kọ́ á gba bíi wákàtí mọ́kànlá lórí 10Mbps, yóò sì fún àwọn àlejò ìkànnì lọ́rùn. --limit-upload 600 á fi bíi ìdajì sílẹ̀ fún wọn, àkókò náà á sì di ìlọ́po méjì. Ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù restic síbi tí kì í ṣe orí ẹ̀rọ yìí. Bó bá sọnù, kò sẹ́ni tó lè ṣí ẹ̀dà náà mọ́.

Iná ni ìdánwò gan-an. Ẹ wọ BIOS, ẹ gbé After Power Loss sí Power On. UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ dúró bí iná bá lọ) kékeré oní-12V tí wọ́n ń tà fún ráútà kò lè gbé e, 20V ni ṣájà rẹ̀ ń mú jáde. UPS tó ní ojú USB ni kí ẹ rà, kí NUT (ètò tó ń bá UPS sọ̀rọ̀) lè pa sáfà jẹ́jẹ́ kí bátìrì tó tán. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé pé bí iná bá dé lẹ́yìn tí sáfà ti kú ṣùgbọ́n tí UPS ṣì wà láàyè, ṣájà kò rí iná tó lọ tó sì bọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ á wà ní pípa títí ẹnìkan á fi tẹ bọ́tìnnì. Ẹ ṣètò NUT kó pàṣẹ fún UPS láti gé iná rẹ̀ kúrò lẹ́yìn tí sáfà bá kú, kí ẹ sì yọ wáyà UPS lára ògiri lẹ́ẹ̀kan láti rí i pé ó ń gé e lóòótọ́.