Haskell, Racket àbí Python: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kóòdù mú?

Ẹ ti gbọ́ ọ títí pé Python rọrùn, pé àwọn èdè functional (èyí tó jẹ́ pé function, ìyẹn ohun tó ń gba nǹkan tó sì ń dá èsì padà, ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀) bíi Haskell àti Racket le, pé àwọn onímọ̀ ìṣirò ni wọ́n ṣe é fún. Mi ò ní í padà sórí ìyẹn. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò lára èdè tí èèyàn fẹ́ náwó nára lé lórí ni bó ṣe ń dáni lóhùn téèyàn bá ṣì í kọ, torí ojoojúmọ́ lèèyàn ń ṣì í kọ. Haskell ni mo kọ́kọ́ sanwó kíláàsì fún, Python ni mo fi ń jẹun báyìí, Racket sì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé wa.

Ẹ jẹ́ ká ti Haskell bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wa ní kíláàsì náà ò ju ká wá ìpíndọ́gba máàkì lọ: ro gbogbo máàkì pọ̀, fi iye wọn pín in. Mo kọ ọ́ báyìí, xs ni àwọn máàkì náà:

sum xs / length xs

Ohun tó jáde rèé: No instance for (Fractional Int) arising from a use of ‘/’.

Ohun tó ń sọ ni pé odindi nọ́ńbà ni length máa ń mú wá, àmì ìpín yẹn kì í sì í gba odindi nọ́ńbà, àfi téèyàn bá kọ́kọ́ fi fromIntegral yí i padà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè ka òótọ́ yẹn yé ara rẹ̀ ti mọ ohun tó ń jẹ́ type class (ọ̀nà tí Haskell fi ń kó oríṣi dátà tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà sábẹ́ orúkọ kan), ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kìíní. Nígbà tí mo bi olùkọ́ wa, type class náà ló ń ṣàlàyé títí kíláàsì fi parí. Ìpíndọ́gba ò jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn, owó ti lọ ní tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a lọ: gbogbo àṣìṣe kékeré ló ń sọ ẹ̀kọ́ ńlá kalẹ̀.

Ní Python, sum(xs) / len(xs) á jáde wẹ́rẹ́. Mo gbà. Ibi tí Python ti ń dá ọmọ tuntun lóró ni print, tó kàn ń kọ èsì sójú kọ̀ǹpútà, àti return, tó ń fi èsì léni lọ́wọ́ láti lò. Àbúrò mi kọ èyí:

def f(x):
    print(2*x + 3)

Ó pe f(1), ó rí 5. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá kọ f(1) + f(2). 5 jáde, 7 jáde, lẹ́yìn náà ni unsupported operand type(s) for +: 'NoneType' and 'NoneType'. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo rí 5, mo rí 7, kí ló dé tí kò lè rò wọ́n pọ̀? Ta ló ń jẹ́ NoneType?” Ọmọ náà ò jẹ̀bi. Python ti jẹ́ kó rò pé ohun tí òun rí lójú kọ̀ǹpútà ni function fi lé òun lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kò fi ohunkóhun lé e lọ́wọ́; “kò sí nǹkan” yẹn ni Python ń pè ní None.

Racket, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PLT Scheme títí di 2010, ní DrRacket, ètò tí wọ́n fi ń kọ ọ́, níbi tí wọ́n ti ya èdè kékeré kan sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, Beginning Student. Kò sí print níbẹ̀. Kò sí pé x jẹ́ 3 láàárọ̀ kó di 8 lálẹ́. Function gba nǹkan, ó dá nǹkan padà, bí f(x) = 2x + 3 tá a ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì gẹ́lẹ́. Ẹ kọ (+ "5" 1), á sọ fún yín pé nọ́ńbà ni + ń retí, pé "5" lẹ fún un, á sì fi àwọ̀ kun ibẹ̀. Èyí tó tún wù mí jù ni Stepper: ẹ tẹ̀ ẹ́, (* 3 (+ 2 4)) á di (* 3 6), á di 18, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójú yín kòrókòró. Àkámọ́ rẹ̀ pọ̀, mi ò jiyàn, ojú á sì mọ́ ọn.

Dátà: Python lórí Windows ò ju bíi 30MB lọ. Racket lé ní 100MB, ṣùgbọ́n ìwé ìtọ́ni rẹ̀ bá a wá, ẹ lè kà á nígbà tí nẹ́tíwọ́kì bá lọ. Haskell àti ẹrù rẹ̀ ju 1GB lọ, laptop oní-4GB á sì máa mí hẹlẹ nídìí rẹ̀. Fóònù nìkan lẹ ní? Python. Iṣẹ́? Python, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìjà.

Kì í ṣe pé èdè functional ò yẹ ọmọ tuntun. Ní Yunifásítì Edinburgh àti Oxford, Haskell làwọn ọmọ ọdún kìíní fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní Cambridge, OCaml, èdè functional míì, ni. Lóòótọ́, MIT, yunifásítì ní Amẹ́ríkà, tó fi Scheme (èdè tí Racket ti jáde) kọ́ni fún ohun tó lé ní 20 ọdún ti bọ́ sídìí Python. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, olùrànlọ́wọ́ wà tó máa yọjú wo kọ̀ǹpútà ọmọ, tó máa ní “ibí yìí ni.” Ẹni tó ń dá kọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, error yẹn nìkan ni olùkọ́ tó ní.

Nítorí náà, ẹni tó bá nílò iṣẹ́ kíákíá, kó mú Python, kó sì ní sùúrù fún NoneType. Ẹni tó bá ti mọ èdè kan tẹ́lẹ̀, tí ìṣirò sì ń dùn mọ́ ọn, Haskell á kọ́ ọ lóhun tí ẹlòmíì ò lè kọ́ ọ. Ẹni tó ní laptop, tí ò sì ní ẹni tó máa jókòó tì í, kó lo oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ nídìí Racket kó tó kọjá sí Python. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí DrRacket, ẹ lọ sí Language, Choose Language, kẹ́ ẹ mú Beginning Student. Tẹ́ ẹ bá fò ó, odindi Racket lẹ máa bá pàdé, (+ "5" 1) yẹn náà á sì máa bá yín sọ̀rọ̀ contract violation, ìyẹn pé ẹ rú àdéhùn ohun tí + ń gbà.