Lexus, Mercedes tàbí BMW: ọkọ̀ bọ̀gìnnì àtijọ́ wo ló rọrùn jù láti pààrọ̀ ọ́ìlì jíà rẹ̀ nílé?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó ti pẹ́ láyé sábà máa ń yẹ ẹ́ńjìnnì, ọ̀dà àti ìjókòó rẹ̀ wò fínnífínní, kì í sì í bi ara rẹ̀ léèrè bí yóò ṣe máa tọ́jú jíà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, jíà ọtọmátíìkì wà lára ohun tó ń gbówó lọ jù bí ó bá bàjẹ́, ọ́ìlì inú rẹ̀ ló sì ń gbé e ró: òun ló ń mú un tutù, òun ni kì í jẹ́ kí irin jẹ irin, agbára rẹ̀ náà sì ni jíà fi ń wọlé. Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níhìn-ín fún ẹni tó fẹ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì náà: Lexus LS 400, tó jáde ní 1989, àwọn Mercedes-Benz tó ń lo jíà 722.6 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, bíi E-Class W210 àti S-Class W220, àti BMW 7 Series E65, tó jáde ní 2001 pẹ̀lú jíà ZF 6HP26. N kò fi orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ohun tí mo wò ni ọ̀nà tí ẹni tó wà nílé yóò fi mọ̀ pé ọ́ìlì tí òun rọ sínú jíà pé, nítorí dída ọ́ìlì jáde kò ṣòro nínú èyíkéyìí wọn.

Lexus LS 400

Ọkọ̀ yìí ní géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jíà, ìyẹn nìkan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí jíà bá ti gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí a sì ti ki jíà sí gbogbo ipò rẹ̀ kí a tó dá a padà sí P, a ó fa géèjì yọ, a ó nù ún, a ó tì í bọ̀ ọ́, a ó sì kà á. Ihò géèjì yìí kan náà ni a ń gbà rọ ọ́ìlì tuntun. Nọ́ọ̀tì tí a fi ń da ọ́ìlì sílẹ̀ wà nídìí páànù, ìyẹn abọ́ tó gba ọ́ìlì sí nísàlẹ̀ jíà, nítorí náà ẹni tí kò bá fẹ́ tú páànù kò ní fọwọ́ kan gáskẹ́ẹ̀tì rárá.

Àbùkù rẹ̀ ni pé bíi lítà 2 péré ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù wà nínú torque converter, ẹ̀rọ tó so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà, àti nínú páìpù tó lọ sí rédíétọ̀. Ká ní lítà 8 ni jíà gbà lápapọ̀, pípààrọ̀ lítà 2 lẹ́ẹ̀kan sọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ọ́ìlì náà di tuntun, ẹ̀ẹ̀kejì gbé e dé bíi 44, ẹ̀ẹ̀kẹrin sì gbé e dé bíi 68, nítorí pé díẹ̀ lára ọ́ìlì tuntun ń bá ti àtijọ́ jáde. Ó falẹ̀, àmọ́ àṣìṣe ibẹ̀ kò ṣòro láti tún ṣe: bí ọ́ìlì bá dín, a ó fi kún un, bí ó bá pọ̀ jù, a ó dà á kúrò kí ó tó di ìfófòó.

Kí olùrà má ṣe rò pé gbogbo Lexus ló rí bẹ́ẹ̀. LS 430 ti ọdún 2004 gba jíà oníipò mẹ́fà tí kò ní géèjì, ó sì ń lo ọ́ìlì WS, tí kò ṣeé fi rọ́pò T-IV tí àwọn ti ìṣáájú ń lò.

Mercedes-Benz 722.6

Ihò géèjì wà, géèjì kò sí. Ilé iṣẹ́ fi ìdérí onípíìnì dí ojú ihò náà, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìwọ̀n ọ́ìlì ní láti ra géèjì àwọn mẹkáníìkì lọ́tọ̀, kí ó sì kà á nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé 80°C. Èyí túmọ̀ sí pé a nílò skánà tó lè ka ìgbóná jíà. Bíi lítà 4 ló ń ti inú páànù jáde. Lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, torque converter náà ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀, tó ń hàn bí a bá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn kò ní in mọ́. Nítorí náà, bí Mercedes méjì bá wà níwájú yín, tí ohun gbogbo nípa wọn sì dọ́gba, èyí tó ní nọ́ọ̀tì yìí ni kí ẹ rà, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó fi pààrọ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ ọ́ìlì rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí kò gbówó lórí ṣùgbọ́n tó ń ba nǹkan ńlá jẹ́: ibi tí wáyà ti wọ inú jíà máa ń jò, ọ́ìlì á sì gba inú wáyà náà lọ títí dé kọ̀ǹpútà jíà. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà ibẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti wà lábẹ́ ọkọ̀.

BMW E65

Èyí ni ó le jù. Páànù rẹ̀ jẹ́ ike, fílítà sì wà nínú rẹ̀ ní àjọpọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ fílítà tuntun yóò ra odindi páànù. Kò sí géèjì, kò sì sí ihò géèjì. Ẹ̀gbẹ́ jíà ni a ń gbà fi ẹ̀rọ ìfami ọlọ́wọ́ ti ọ́ìlì wọlé, nígbà tí ọkọ̀ tẹ́jú lókè tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, títí ọ́ìlì yóò fi máa ṣàn padà lójú ihò náà nígbà tí ìgbóná rẹ̀ wà láàárín 30°C sí 50°C. Ẹni tó bá jáfara, tí ọ́ìlì gbóná kọjá ibẹ̀, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sì dúró kí ó tutù. Ẹ rántí pé èèyàn wà lábẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù èéfín tó gbóná: orí irin ìdúró mẹ́rin ni kí ọkọ̀ wà, kì í ṣe orí jáàkì láéláé. Kí a sì tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí a kọ́kọ́ tú èyí tí a ó gbà rọ ọ́ìlì wò, nítorí bí ó bá kọ̀ láti tú lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti dà tán, ọkọ̀ kò ní lè lọ síbì kankan.

BMW ní ọ́ìlì yìí wà títí ayé ọkọ̀, wọn kò kàn sọ iye ọdún tí ayé náà jẹ́. ZF tó ṣe jíà náà gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 80,000 sí 120,000 kìlómítà, tàbí lẹ́yìn ọdún 8. Ẹni tó ṣe jíà ni èmi yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ọ́ìlì tí ẹ ó rà

LS 400 ni kò ní ná yín lówó púpọ̀, nítorí T-IV kò ṣòro rí. Mercedes fẹ́ èyí tí wọ́n kọ MB 236.14 sí lára, tó rọ́pò 236.10. ZF 6HP ń lo Lifeguard 6, owó rẹ̀ sì wúwo jù. Èmi kò fara mọ́ ọ́ìlì tí wọ́n ní ó bá gbogbo ọkọ̀ mu fún jíà ZF, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó lò ó nínú LS 400 jà bí wọ́n bá kọ T-IV sí ara agolo rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀

Ọ́ìlì tuntun kì í wo jíà tó ti ń yọ̀ sàn. Bí ọkọ̀ bá ń ké lásán láì sáré, tàbí tí ó ń pẹ́ kí D tó wọlé, iye àtúnṣe jíà ni kí ẹ fi dúnàá dúrà. Lára LS 400, ẹ lè fa géèjì yọ lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wo bóyá ọ́ìlì ti dúdú, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jóná. Fún Mercedes, ẹ ti ra géèjì kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì mú un dání. Ní ti E65, ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe sára ọkọ̀ nìkan ni ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí, kí ẹ yọ owó páànù àti ti ọ́ìlì kúrò nínú iye tí ẹ máa san.