Ìkìlọ̀: Ẹ má tíì sanwó fún ọkùnrin tó ń ta fíìmù "tí kò sí níbòmíràn" yẹn

Ẹ̀yin ará tí ẹ fẹ́ràn fíìmù ilẹ̀ òkèèrè, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá irú èyí tí kì í dé ilé sinimá tòsí wa, ẹ gbọ́ o. Ẹnìkan wà tó ń polówó DVD àti Blu-ray (díìsì tí àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ) lórí WhatsApp àti Facebook. Ó ní London lòun ń gbé, ó ń gba náírà, ó ń gba pọ́n-ùn, orúkọ tó ń jẹ́ sì máa ń yí padà bó bá ṣe díẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì yẹ díìsì wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojúlówó kankan níbẹ̀. Àdàkọ tó jókòó sílé fi kọ̀ǹpútà ṣe ló ń ta iye tí wọ́n ń ta ọjà gidi.

Àwòrán tó ń gbé síta ló fi ń mú èèyàn. Ẹ ó rí páálí tó ń dán àti ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá. Kì í ṣe òun ló ya àwòrán yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàgbéyẹ̀wò díìsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ṣà wọ́n. Bí ẹ bá ní kó ya abẹ́ díìsì kí ẹ rí i, á ní òun wà lójú títì, tàbí pé ẹlòmíràn ti fẹ́ sanwó, kí ẹ yáa ṣe kíá.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Sátántangó, fíìmù Béla Tarr ará Hungary tó jáde ní 1994. Ọkùnrin yìí ń tà á lórí DVD ẹyọ kan ṣoṣo, "odindi rẹ̀, kò sí gígé". Fíìmù náà lé ní wákàtí méje! DVD òfìfo tó wọ́pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù kò gbà ju 4.7 GB lọ. Bí àwòrán bá máa dára lójú, nǹkan bíi wákàtí méjì ni yóò gbà. Ẹ wá ki wákàtí méje sínú rẹ̀: gbogbo òjò àti ẹrẹ̀ tó kún inú fíìmù náà á kàn rí bí ògì tí wọn kò sẹ́ dáadáa. Nínú èyí tí ọ̀rẹ́ mi kan rà, àmì iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wà ní igun òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ká a sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni, wọ́n wá ń tà á bí ọjà iyebíye.

Ó tún ní London After Midnight nínú àkójọ rẹ̀. Èyí gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, nítorí irọ́ yẹn ti kọjá bẹ́ẹ̀. Fíìmù tí Tod Browning ṣe ní 1927, tí Lon Chaney sì kópa nínú rẹ̀, ti sọnù. Ẹ̀dà rẹ̀ tó kẹ́yìn tí àwọn èèyàn mọ̀ jóná nínú yàrá ìpamọ́ MGM, iléeṣẹ́ fíìmù Amẹ́ríkà tó ni ín, ní 1965. Ohun tí ẹ lè rí wò lónìí ni èyí tí wọ́n fi fọ́tò tò pọ̀ fún tẹlifíṣọ̀n TCM ní 2002. Bí fíìmù yẹn bá padà yọjú lọ́jọ́ kan, gbogbo ayé ló máa gbọ́. Kì í ṣe orí "status" ẹnìkan ni a ó ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ Shaihu Umar ṣe rí, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ti dàwátì títí wọ́n fi rí i ní Jos ní 2016, níbi tí Nigerian Film Corporation ń kó fíìmù pamọ́ sí. Arsenal, iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú fíìmù ní Berlin, bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú náà ní 2018. Gbogbo ibi tó gbà kọjá ló ní orúkọ, ẹ sì lè wádìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi oníjìbìtì yìí léèrè ibi tó ti rí tirẹ̀, á ní "ọ̀rẹ́ mi kan ní Faransé".

Ó tún ń pariwo pé Blu-ray Touki Bouki tòun, fíìmù Djibril Diop Mambéty ará Senegal, jẹ́ ti Criterion, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń tẹ fíìmù sórí díìsì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gbogbo. Ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ ti tú. Ọ̀pọ̀ Blu-ray tí Criterion ń tà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tì mọ́ ẹkùn A, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹkùn yẹn nìkan ló lè gbé e, Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà ní ẹkùn B. Díìsì Amẹ́ríkà tó kàn ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ tí ẹ rà ní Alaba, ẹ yáa wò ó dáadáa.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn kan nínú ohun tó ń tà kò tilẹ̀ ní owó lórí. Mosfilm, iléeṣẹ́ Rọ́ṣíà tó ṣe fíìmù Stalker ti Tarkovsky ní 1979, fúnra wọn ló gbé e sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìpamọ́ fíìmù Kòríà náà gbé ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́ wọn síbẹ̀, tìtúmọ̀-tìtúmọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin yìí wà wọ́n jáde, ó kó wọn sórí díìsì, ó ń gba ọgbọ̀n pọ́n-ùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

N kò sọ pé gbogbo àdàkọ ló burú o. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí Allen Klein, ẹni tó ni ẹ̀tọ́ fíìmù El Topo, fi tì í mọ́lé nítorí ìjà òun àti Jodorowsky tó ṣe fíìmù náà, títí di 2007 tí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde dáadáa, àdàkọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi rí i wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta àdàkọ, kó pè é ní àdàkọ, kó sì gba owó àdàkọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ya abẹ́ díìsì, kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. DVD tí iléeṣẹ́ tẹ̀ sábà máa ń funfun bíi fàdákà. Èyí tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ sábà máa ń pọ́n bí elésè-àlùkò. Ti Blu-ray kò ṣeé fi àwọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí díìsì bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ImgBurn, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń sọ irú díìsì tó jẹ́, wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá pè é ní DVD-R tàbí BD-R, ìyẹn díìsì òfìfo tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ nǹkan sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àdàkọ ni.

Ọ̀nà tó ń gbà gba owó náà wà níbẹ̀. PayPal ló ń lò, ṣùgbọ́n "friends and family" (ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún fífi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí) nìkan ló ń gbà, nítorí PayPal kì í dáàbò bo ẹni tó bá fi ọ̀nà yẹn rajà. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, báńkì tààrà ló ní kí ẹ san án sí, orúkọ tó wà lórí àkáǹtì kì í sì í ṣe èyí tó ń jẹ́ lórí Facebook. Bí ẹ bá ti fi káàdì sanwó fún un, ẹ pe báńkì yín lónìí, kí ẹ ní ọjà tí wọ́n gbé wá kọ́ lẹ rà. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, nítorí òun máa ń pa tirẹ̀ rẹ́ ní kété tí owó bá ti wọlé.