Morelli's ní Broadstairs: ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè fún

Láti St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin á gbé yín dé Broadstairs, ìlú etíkun ní Kent, ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. Ẹ gba High Street sọ̀ kalẹ̀ títí dé Victoria Parade; ẹ ó rí Morelli's, ilé áísìkiriìmù tó kọjú sí etíkun Viking Bay. Ọdún 1932 ni ilé náà ṣí, ṣùgbọ́n ọdún 1907 ni Giuseppe Morelli ti fi Ítálì sílẹ̀ wá sí Bírítéènì. Kẹ̀kẹ́ ló fi ń kiri áísìkiriìmù nígbà yẹn.

Nínú ilé, ohun ọ̀ṣọ́ àsìkò 1950 sí 1959 ló gbòde: ìjókòó tí wọ́n fi awọ rọ́bà aláwọ̀ píǹkì bò, tábìlì Formica, ìyẹn tí wọ́n fi ike líle bò lójú. Ó dùn mọ́ni pé wọn kò hú u dà nù.

Irú ilé báyìí kò rọrùn láti dá sí. Nígbà tí Mussolini, olórí Ítálì, kéde ogun sí Bírítéènì ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 1940, àwọn èèyàn fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ítálì káàkiri Bírítéènì, ìjọba sì kó ọkùnrin wọn sí àhámọ́. Ọkọ̀ òkun Arandora Star ń kó àwọn kan lọ sí Kánádà nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì rì í ní ọjọ́ 2 oṣù Keje. Àwọn ará Ítálì tó kú nínú rẹ̀ lé ní 400, ọlọ́jà áísìkiriìmù sì wà nínú wọn.

Gelato, áísìkiriìmù àwọn ará Ítálì, ni kí ẹ rà. Ọ̀rá inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdá 4 sí 8 nínú 100. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í yára yí, afẹ́fẹ́ kì í sì pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń kún ẹnu. Ìwọ̀n òtútù -12 sí -14 lórí Celsius ni wọ́n ti ń bù ú. Bó bá tutù tó -18, ó le jù, adùn rẹ̀ kò sì ní tètè jáde. Bó bá ti yọ́ rí kó tó tún dì, ahọ́n yín á bá yìnyín wínníwínní pàdé. Níbikíbi tí ẹ bá ti rà á, ẹ wo ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́: bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ ni wọ́n fi kún un, torí àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gidi máa ń ṣú díẹ̀.

Fàníílà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò. Kò sí èso tó máa bo àléébù wàrà mọ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Knickerbocker Glory: èso, omi èso aládùn, áísìkiriìmù, ọ̀rá wàrà tí wọ́n lù, gbogbo rẹ̀ nínú gíláàsì gígùn. Síbí gígùn ni ẹ ó fi jẹ ẹ́. Ẹ máa ki síbí dé ìdí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni omi èso máa ń sọ̀ sí, bí ẹ bá sì ń jẹ òkè nìkan, dídùn-dídùn nìkan ló máa kù sí yín lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Inú ilé ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sétí òkun, kóónù ni kó gbà, kó sì ṣọ́ra fún ẹyẹ òkun, wọ́n máa ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn. Lọ́jọ́ Sátidé tí oòrùn bá ràn, ẹ tètè débẹ̀ kó tó di ọ̀sán.