Gààrí Ìjẹ̀bú l'Ókè-Ajé: ìgbà wo ni ìwà ẹni tó ń tà á kàn wá?

Gààrí ọjà Òkè-Ajé, n'Ìjẹ̀bú-Òde, dára gan-an fún mímu: ó kan, ó gbẹ, hóró rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má jẹ́ kí aládùúgbò ìsọ̀ bá yín yan ọjà. Á ní: "Ẹ má rà á lọ́wọ́ ìyá yẹn, oníjà ni." Kí ni ìjà kàn nínú gààrí? Bí ìyá náà bá ní gààrí òun gbẹ, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀: tó bá dì, omi ṣì wà nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ bà jẹ́. Bó bá ní ó kan, ẹ tọ́ ọ wò. Ẹ da ṣíbí méjì sínú ife omi tútù. Èyí tó dára á wú, yanrìn á jókòó sísàlẹ̀. Ẹ wo inú kóńgò pẹ̀lú: bí wọ́n bá ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, wọ́n ń rẹ́ yín jẹ nìyẹn, bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Níbi ohun tí ojú àti ahọ́n ò lè yẹ̀ wò ni ìwà ẹni tó ń tà á ti kàn wá. Ìyá náà ní ọjọ́ mẹ́rin ni ẹ̀gẹ́ fi wà nínú àpò lẹ́yìn tí wọ́n rin ín, pé kò sí ti oṣù tó kọjá nínú rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí. Ẹ bi àwọn tó ti rà á rí bóyá ó máa ń po ògbólógbòó mọ́ tuntun. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kóńgò kan ni kí ẹ rà, ẹ má gbé odidi àpò.